Fìlà Wándé àti Àìsàn Bàbá Rẹ̀

Kò sí ẹni tó mọ bí orí Wándé ṣe rí ní gbogbo àdúgbò Ajíbọ́dè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n jọ háyà yàrá nínú ilé kan náà mọ ohùn rẹ̀, wọ́n mọ àkàbà gígùn tó máa ń gbé jáde láàárọ̀, wọ́n mọ̀ pé òun ló ń to sólà sórí òrùlé fún àwọn olùkọ́ yunifásítì, wọ́n sì mọ fésíkáàpù dúdú tí kì í kúrò lórí rẹ̀. Òjò rọ̀, fìlà wà lórí. Oòrùn mú, fìlà wà lórí. Àwọn kan nínú wọn a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé tòun tìyẹn ló ń sùn. Wọn ò parọ́. Bí àlejò bá sùn sílé, tòun tìyẹn ló ń sùn.

Orí rẹ̀ ló ń pá. Igun iwájú orí méjèèjì ló ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ kó tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, lẹ́yìn náà ni àtàrí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí díẹ̀díẹ̀. Kò lọ sí ìsọ̀ onígbàjámọ̀ mọ́, kí wọ́n má bàa bi í ní ohun tí wọ́n ń bi apárí pé kí ló ń wá níbẹ̀. Nínú yàrá ló ti ń gẹ ẹ̀gbẹ́ orí fúnra rẹ̀, ó sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ẹ lè ní kí ló burú níbẹ̀. Ṣé òun ni orí rẹ̀ máa kọ́kọ́ pá nílẹ̀ Ìbàdàn ni? Àbí ẹni tí orí rẹ̀ pá kì í jẹun yó? Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ìtìjú kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá ó tọ́ kí òun wọlé tàbí kò tọ́.

Ti Wándé sì ní ibi tó ti wá. Ọláníran, bàbá rẹ̀, jẹ́ àgbẹ̀ ní abúlé kan lẹ́yìn Akánrán, orí bàbá yìí sì pá débi pé ìpàkọ́ àti ẹ̀bá etí nìkan ni irun kù sí. Nígbà tí Wándé wà ní kékeré, èjìká bàbá ni ibùjókòó rẹ̀ bí wọ́n bá ń bọ̀ láti oko. Wándé a máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá orí náà títí wọ́n á fi délé, bàbá á sì máa kọrin sí i. Ìyá rẹ̀ ti kú nígbà náà. Bàbá yìí ló ń se oúnjẹ fún un, òun ló ń fọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀, òun náà ló sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án lọ́rùn láti mọ̀ bóyá ibà ti dé.

Ọjọ́ tí nǹkan yí padà ni ọjọ́ tí bàbá wá sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Akánrán, tó ṣí fìlà láti kí ọ̀gá. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Wándé rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa béèrè pé ta ló ni bàbá yẹn. Bàbá gbójú sókè, ó rí i láàárín wọn, ó sì juwọ́ sí i tìdùnnú-tìdùnnú. Láti ọjọ́ náà ló ti di "ọmọ apárí" títí tó fi jáde ìwé mẹ́fà. Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ti Wándé ju ọwọ́ òsì lọ, nítorí kì í júwe é rárá.

Ìgbà tó kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sẹ́ bàbá yìí, kò sí ẹni tó fipá mú un. Iṣẹ́ ló gbé e lọ sí ilé ìwòsàn awọ ara kan ní ìgboro, pé kó wá wo bátìrì tí kì í gba iná mọ́. Nígbà tó ṣe é tán, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Dókítà Zubaidah, ó ń fọwọ́ pa etí fìlà rẹ̀. Obìnrin náà wò ó.

"Ẹ wọlé, ẹ ṣí i ká wò ó," ó ní. "Orí yín kọ́ ni màá kọ́kọ́ rí."

Ó gbé awò kékeré kan tó so mọ́ kọ̀ǹpútà lé ìpàkọ́ Wándé, àwòrán irun náà sì yọ gàdàgbà lójú kọ̀ǹpútà. Wándé ti rò láti ọjọ́ tó ti dáyé pé irun a máa hù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí kálukú wà nínú ihò tirẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti inú ihò kan, irun méjì ló yọ jáde. Láti inú òmíràn, mẹ́ta. Ibòmíràn, mẹ́rin tí wọ́n fara ti ara wọn. Àlàfo díẹ̀, ìdì mìíràn tún dé. Bí bàbá rẹ̀ ṣe ń gbin àgbàdo gẹ́lẹ́ ni, hóró méjì tàbí mẹ́ta sínú kòtò kan, ẹsẹ̀ kan síwájú, kòtò mìíràn.

"Ẹ wá wo òkè báyìí," Dókítà ní, ó sì gbé awò náà lọ sí àtàrí. Wándé wò ó, ojú sì tì í níwájú àwòrán lásán. Ihò ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí mẹ́ta ti yẹ kó wà, ẹyọ kan ló dá dúró, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì tín-ín-rín bí irun apá ọmọ tuntun.

"Àwọn ihò yẹn ò tíì kú o," Dókítà ṣàlàyé. "Gbòǹgbò irun kọ̀ọ̀kan ní ìgbà tó ń hù, ó sì ní ìgbà tó ń sinmi. Lẹ́yìn náà irun yẹn á já, òmíràn á tún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Wọn kì í jọ sinmi pọ̀, ìyẹn ni ò jẹ́ kí orí ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n èròjà kan wà lára ọkùnrin tó ń mú kí irùngbọ̀n hù. Ẹni tó bá jogún orí pípá, ohun tó ń ti ara èròjà yẹn wá ló ń gé ìgbà híhù kúrú fún irun òkè orí. Bó bá ṣe ń tún hù, bẹ́ẹ̀ ló ń tín-ín-rín sí i, bẹ́ẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ ń súnkì. Nínú ìdì kan náà, àwọn kan á kọ́kọ́ rẹ̀yìn, á wá ku ẹyọ kan. Tí ẹyọ kan yẹn náà bá fẹ́lẹ́ tán, ẹ ó ní orí ti pá."

"Ti ìpàkọ́ ńkọ́, Dókítà?"

"Ti ìpàkọ́ ò ka èròjà yẹn sí. Òun ni apárí fi máa ń ní irun níbẹ̀." Dókítà gbé awò náà sílẹ̀. "A lè jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá, a sì lè jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá. Ṣé orí bàbá yín pá?"

Ìbéèrè tí kò lè pa eèrà nìyẹn. Dókítà ò mọ Ọláníran, kò sì sí ohun tó lè gbé e dé abúlé wọn. "Rárá o," Wándé ní. "Irun kún orí bàbá mi bámúbámú." Dókítà sọ fún un pé oògùn wà tó lè dá a dúró díẹ̀ bí èèyàn bá tètè bẹ̀rẹ̀ tí kò sì dáwọ́ dúró, pé kó padà wá gbà á. Kò padà. Irọ́ tó pa níbẹ̀ ń tì í lójú ju orí tó fi hàn lọ.

Moyinolúwa ni ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣe aya. Olùkọ́ ni ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Adégbàyí, níbi tí Wándé ti lọ to sólà, ọmọ náà sì fẹ́ràn ẹ̀rín. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ wọ mọ́tò, kọ̀ndọ́ kan tí orí rẹ̀ pá bẹ̀rẹ̀ láti gbé ẹrù, oòrùn sì tàn sí i lórí. Moyin sọ ọ́ sí Wándé létí pé, "Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n fi dígí ṣe ọkọ." Eré ló ń ṣe. Wándé rẹ́rìn-ín ju ẹni tó sọ ọ́ lọ, bó ṣe rẹ́rìn-ín ní kíláàsì ọjọ́sí. Kò pẹ́ sígbà náà tó fi rí àtíkè dúdú kan rà lórí fóònù, irú èyí tí wọ́n máa ń gbọ̀n sórí irun tó fẹ́lẹ́ kó lè dà bíi pé ó kún. Bó ṣe di àtíkè lábẹ́, fìlà lókè nìyẹn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ di mọ̀mí-n-mọ̀ọ́, ìdààmú dé. Wòlíì ni bàbá Moyin nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù. Nínú ilé wọn, ọkùnrin kì í dé fìlà gbàdúrà, àdúrà sì pọ̀ nínú ilé náà ju oúnjẹ lọ. Wándé ro ti ara rẹ̀, ó ní àtíkè á gba òun là. Ó wá ro ti bàbá rẹ̀. Bí bàbá bá ṣí fìlà nínú pálọ̀ yẹn, kí ló kù tí Moyin ò ní mọ̀? Á wo bàbá, á sì rí ọkọ rẹ̀ bí yóò ṣe rí lọ́la.

Ló bá lọ bá Bọ̀dá Láyí, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń ta sìmẹ́ńtì ní Ẹgbẹ́dá, tí irun orí rẹ̀ pọ̀ tó fi jẹ́ pé kò gbàgbé kóòmù rí. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé ẹbí ìyá ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ wá, pé ti bàbá ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó sọ fún Bọ̀dá Láyí àti àwọn àna rẹ̀ pé làkúrègbé so bàbá òun mọ́lẹ̀, pé kò lè dìde lórí ibùsùn. Ìjókòó náà lọ dáadáa. Bọ̀dá Láyí sọ̀rọ̀ àgbà, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n gbàdúrà, Wòlíì na ọwọ́ sí wọn láti òkèèrè, àtíkè ò sì yẹ̀.

Bàbá ní tirẹ̀ ti ra fìlà aṣọ òkè tuntun. Ó gbé e kọ́ ara ògiri nínú ọ̀rá kí eruku má bàa bà á, ó ń retí ọjọ́ tirẹ̀. Bó bá pe Wándé lórí fóònù, wọn ò ní tíì kíra tán tí yóò fi bi í pé, "Ṣé wọ́n ti dá ọjọ́ tèmi?" Wándé á ní, "Ó kù díẹ̀, Bàbá." Tó bá pa fóònù náà, inú rẹ̀ á bàjẹ́. Ó ń tijú bàbá rẹ̀, ó sì tún ń tijú pé òun ń tijú rẹ̀, kò sì rí ẹni tó lè sọ ọ̀kankan nínú méjèèjì fún.

Ohun tó gbàgbé ni irú ẹni tí àna rẹ̀ jẹ́. Èèyàn ò lè sọ fún Aládùúrà pé làkúrègbé so ẹnì kan mọ́lẹ̀, kó wá máa retí pé "ẹ pẹ̀lẹ́" nìkan ni yóò sọ. Wòlíì gbààwẹ̀ nítorí àna rẹ̀, ó gbé òróró sórí pẹpẹ, ó sì ní Ẹ̀mí sọ fún òun pé kí òun lọ gbé ọwọ́ lé e lórí. Ní àárọ̀ Sátidé kan, Wándé wà lórí àkàbà nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Moyin ni, inú rẹ̀ sì ń dùn.

"Wándé, sọ ibi tá a wà! A ti dé Akánrán. Dádì àti Màámi ni wọ́n ní kí n má tíì sọ fún ẹ. A fẹ́ lọ gbàdúrà fún Bàbá. Ọ̀nà wo la máa yà sí?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Wándé ò tilẹ̀ rìn jìnnà. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dúró de òun ní ọjà Akánrán, ó sọ̀kalẹ̀, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì bọ́ sórí ọ̀kadà. Ó ń pe fóònù bàbá lọ lójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó gbé e, nítorí bàbá kì í mú fóònù lọ oko. Òógùn bò ó lábẹ́ fìlà, ó sì ń kán ọlọ́kadà lójú pé kó yára.

Wọn ò dúró dè é. Ìyá Kifayah, aládùúgbò bàbá, ló pàdé wọn lọ́jà, ló bá mú wọn wálé. Nígbà tí Wándé fi máa dé, Wòlíì ti jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú sùtánà funfun rẹ̀, òun àti Màmá Dorothy, ìyá Moyin. Moyin gbé ìgò òróró lé ẹsẹ̀. Ìyá Kifayah ti bu omi fún wọn.

"Wándé, káàbọ̀," Ìyá Kifayah ní. "Mo ti ń sọ fún wọn pé bàbá rẹ ò ní í pẹ́ dé mọ́. Oko ni wọ́n lọ."

Màmá Dorothy yíjú sí Wándé. "Oko kẹ̀? Ẹni tí o ní kò lè dìde?"

Kó tó rí irọ́ mìíràn fà jáde, bàbá yọ láti ọ̀nà oko. Àpò àgbàdo wà léjìká rẹ̀, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò dé fìlà, òógùn sì ń mú kí orí rẹ̀ máa kọ mànà nínú oòrùn. Bí ọ̀dọ́kùnrin ló ń rìn. Ó rí àlejò, ó rí ọmọ rẹ̀, ẹ̀rín sì gba ojú rẹ̀ kan.

"Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú ewu ọ̀nà!"

"Ògo fún Ọlọ́run!" Wòlíì dìde. "Bàbá, ṣé ẹ̀yin gan-an nìyí? Wándé ní làkúrègbé so yín mọ́lẹ̀, pé òun ni ò jẹ́ kí ẹ lè bá wọn wá ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ọ́. Òun la ní ká wá gbàdúrà sí."

Bàbá fi àdá ti ògiri. Ó sọ àpò kalẹ̀, ó sì wo Wándé. Wándé ń rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yé e díẹ̀díẹ̀, pé mọ̀mí-n-mọ̀ọ́ ti kọjá, pé kò sí ọjọ́ tirẹ̀ kankan tó ń bọ̀, pé ọmọ òun ló fi ẹnu dá òun dùbúlẹ̀. Ó ń ṣe Wándé bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

"Bẹ́ẹ̀ ni," bàbá ní nígbẹ̀yìn. "Ó ṣe mí gan-an ni. Òní ló kàn rọjú díẹ̀, tí mo ní kí n tẹsẹ̀ dé oko."

Ó yí padà láti wọlé lọ ṣan ọwọ́, ó sì ń tiro. Ẹsẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan láti oko wá, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Ìyá Kifayah la ẹnu, ó tún pa á dé. Wándé ò tíì rí ohun tó dùn ún tó títiro yẹn láyé.

Nígbà tí bàbá jáde padà, ó ti wọ bùbá tó mọ́, ó sì ti yọ fìlà aṣọ òkè nínú ọ̀rá, ó dé e. Màmá Dorothy ní, "Bàbá, fìlà yìí mà yẹ yín o."

"Ẹ̀yin ni mo rà á dè," bàbá ní.

Wòlíì ní kí àwọn gbàdúrà. Bàbá rọra kúnlẹ̀ sórí ẹní, ó di ẹsẹ̀ kan mú bí ẹni tí orúnkún ń dùn, ó sì ṣí fìlà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Wòlíì da òróró sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e lé orí náà, ó pàṣẹ fún làkúrègbé pé kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú eegun àti ọ̀rá inú eegun. Àmín ti bàbá ròkè ju ti gbogbo wọn lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Wándé dúró sí. Láti ibẹ̀ ló ti rí ìpàkọ́ bàbá tó tẹ̀ síwájú, irun funfun tó kù níbẹ̀ sì ń yọ ní méjì, ní mẹ́ta, ìdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdì, bó ṣe rí tirẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Kò wo orí bàbá rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tó ti sọ̀kalẹ̀ léjìká rẹ̀.

"Wándé, wá kúnlẹ̀ ti bàbá rẹ," Wòlíì ní. "Ìbùkún bàbá gbọ́dọ̀ dé orí ọmọ. Ṣí fìlà."

"Dádì, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ti Bàbá nìkan lónìí."

"Ṣí fìlà, ọmọ mi."

Wándé kúnlẹ̀ tòun ti fìlà. Moyin ló rọra bá a ṣí i. Wòlíì tún da òróró, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí Wándé mú, ó ń mì í. Òógùn ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òróró bá òógùn, àwọn méjèèjì bá àtíkè, nǹkan dúdú sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wá sí iwájú orí rẹ̀, ó gba ẹ̀bá ojú, ó ń kán sí ọwọ́ sùtánà funfun.

Wòlíì lajú, ó sì rí ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó ń jáde!" ló bá ké. "Iṣẹ́ òkùnkùn ń jáde lára ọmọ yìí! Ẹ pariwo Halelúyà!"

Bàbá nìkan ló pariwo rẹ̀. Màmá Dorothy ti sún mọ́ wọn, ó ti fi ìka kan án, ó ti fi ìka méjì ra á wò. "Bàbá Moyin," ó ní wọ́ọ́rọ́wọ́, "ẹ rọra. Dáì irun ni."

Wòlíì gbé ọwọ́ sókè, kò mọ ibi tí yóò nù ún sí. Orí méjì ló wà nílẹ̀ níwájú wọn, ti bàbá àti ti ọmọ, igun iwájú kan náà, àtàrí kan náà, ti ọmọ kàn ń rìn lọ bá ti bàbá ni. Moyin tó fẹ́ràn ẹ̀rín ò rín. Ó di fìlà Wándé mú, ó wo orí kan, ó wo èkejì, ó sì wo ẹsẹ̀ tí bàbá fi kúnlẹ̀ láìsí ìrora kankan mọ́.

"Làkúrègbé yẹn ńkọ́, Wándé?" ó béèrè.

Wándé ò lè gbójú sókè. Òróró dúdú ti ń ta á lójú, kò sì fọwọ́ kàn án. Bàbá na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó mú fìlà aṣọ òkè tuntun náà, ó yí inú rẹ̀ síta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi nu ojú ọmọ rẹ̀. Ó nu iwájú orí, ó nu ìpéǹpéjú, ó nu ẹ̀yìn etí, bó ṣe máa ń ṣe fún un létí odò nígbà tí ìyá rẹ̀ ò sí mọ́. Nígbà tó nù ún dé àtàrí, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó tẹ̀ sí i létí kí àwọn àlejò má bàa gbọ́.

"Wándé," ó ní, "ṣé torí èyí ni mo ṣe ṣàìsàn?"

Ó yí fìlà náà sí ibi tó ṣì mọ́, ó sì ń nù ún lọ.